Ta Ni Ìyá Ọmọ Ń Kọrin Sí?

Ọmọ tuntun kò gbọ́ èdè kankan. Kò gbọ́ Nàgó tí í ṣe Yorùbá àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, kò gbọ́ Gùn, kò gbọ́ Faransé tí agbẹ̀bí fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Síbẹ̀, ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó lò láyé, kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ tó o, kò sì sí ẹni tó ń kọrin sí tó o. Bí irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé ni mo fẹ́ ṣàlàyé: ibi tí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ti ń rí ọ̀rọ̀, bó ṣe ń tò ó, àti ohun tó fà á tí orin tí wọ́n kọ sí ẹni tí kò lè gbọ́ fi ń mú omi bọ́ lójú àwọn tó gbọ́. Ní tèmi, ọmọ ni wọ́n kọjú sí, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń bá wí wà lẹ́yìn. Akọrin tó bá fẹ́ kọ orin nípa àárò, nípa ìkúnlẹ̀ àti ọkàn tó gbẹgẹ́, tí kò sì kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn, á kàn máa tẹnu mọ́ ọn pé inú òun bàjẹ́ ni. Inú ta ni kì í bàjẹ́?

Nílẹ̀ wa, bí a ṣe ń kí ìyá ọmọ ti jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. "Ẹ kú ewu" ni a ń sọ. Lẹ́yìn náà la ó ní "ẹ kú ọwọ́ lómi", oúnjẹ á dé, ọjọ́ kẹjọ á pé, a ó sọmọ lórúkọ, ojú gbogbo èèyàn á kúrò lára ìyá, á lọ sára ọmọ. Ewu tí a tìtorí rẹ̀ kí i, kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá lára rẹ̀, ọmú ń ro ó, ẹ̀rù ń bà á kó má lọ sùn lé ọmọ lórí lóru. Kò lè sọ ọ́ síta, torí pé ọmọ dé, inú rẹ̀ yẹ kó dùn. Inú rẹ̀ sì dùn lóòótọ́. Ayọ̀ àti ẹ̀rù wọlé pa pọ̀, ẹnu kò sì láṣẹ láti sọ ju ọ̀kan lọ. Orin ló ń gba èkejì.

Sakété ni mo fi ṣe ibùdó ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú náà wà ní ẹ̀ka Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nǹkan bí 30 kìlómítà sí àríwá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lójú ọ̀nà tó gba Pobè kọjá lọ sí Kétu. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni. Pobè tó wà nítòsí ní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1922. Obìnrin ló ń fọ epo, obìnrin ló ń gbé e rọjà, obìnrin ló sì ń kó ọjà kọjá ibodè. Nítorí náà, bí ìyàwó kan bá bímọ sí agbo ilé kan ní Sakété, ìyá tó bí ìyàwó náà lè wà ní Ìfọ̀nyìn tàbí Ìdì-Ìrókò tàbí Èkó, ọkọ rẹ̀ sì lè wà ní Kútọnu níbi tó ti ń wa zẹ́mì, ọ̀kadà akérò. Àwọn tó yí i ká láti òwúrọ̀ dé alẹ́ pọ̀, wọ́n sì ń ṣe dáadáa sí i, ṣùgbọ́n ará ilé ọkọ ni gbogbo wọn. Àárò ilé ń sọ ọ́ láàárín èrò.

Ẹ wò ó bó ṣe pọn ọmọ. Ọ̀já ti fún, ìyá ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, ọmọ ń mì. Ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn ni ìlù. Kò lè kọ gbólóhùn gígùn, nítorí ó ń gbálẹ̀, ó ń koná, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde. Èémí rẹ̀ kò gùn. Bó bá wá jókòó láti fún ọmọ lọ́mú, ara rẹ̀ ní láti rọ̀ kí wàrà tó lè wá, ohùn náà á sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ara. Ìdí rèé tí orin tí a fi ń rẹ ọmọ fi máa ń ní ìlà kúkúrú, tí ìlà kan náà fi máa ń padà wá lemọ́lemọ́, tí ohùn rẹ̀ kò sì fi ń gòkè jù. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣòfin rẹ̀. Ara abiyamọ ló ṣe é.

Àìsùn pàápàá lọ́wọ́ sí i. Ẹni tí kò tíì sun oorun gidi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè rántí ẹsẹ̀ orin mẹ́jọ. Ohun tó lè ṣe ni kó di ìlà kan mú, kó máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Inú ìpààrọ̀ yẹn ni ọgbọ́n wà. Lónìí, ó ní kí ọmọ má sunkún mọ́, bàbá ń bọ̀. Lọ́la, ó ní kó má sunkún mọ́, ìyá àgbà ń bọ̀. Lọ́tùn-únla, ó ní kó kúkú máa sùn, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ìyá ọkọ tó jókòó ní òdìkejì àgbàlá, tó ń pa ẹ̀kùrọ́, gbọ́ àyípadà náà kedere. Kò lè bínú. Ṣebí ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó lè nawọ́ gba ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ẹ má fi èyí wé orin orogún o. Orin orogún ń gún ènìyàn, ó sì fẹ́ kí ẹni tó gún mọ̀ pé òun ni. Orin abiyamọ ń bẹ ènìyàn, ó sì fún ẹni tó ń bẹ láàyè láti ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó lè ṣe oore náà láìjẹ́ pé wọ́n fi ipá mú un. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro ju ti orin èébú lọ.

Èdè wa tún gbé iṣẹ́ mìíràn fún akọrin. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ń sọ ibi tí ohùn orin máa gbà. Ẹni tó fẹ́ kọ "àárò" ní láti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kó gòkè, kó tún wálẹ̀. Bó bá fi gbogbo rẹ̀ sísàlẹ̀, ààrò ìdáná ló dárúkọ yẹn. Akọrin tó ń fi Faransé kọrin lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ohùn tó bá wù ú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ká olórin tó mọṣẹ́ lára, torí pé ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti mú ìdajì orin wá. Ìyà, ẹ̀rù, òfò: ìsàlẹ̀ ohùn ni gbogbo wọn wà, kò sì sí bí akọrin ṣe lè kígbe wọn kó má ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èdè ti ya ìbànújẹ́ sọ́tọ̀ fún wa: ayọ̀ náà ń wálẹ̀ ní òpin. Bóyá ohun tó fà á nìyẹn tí àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá fi máa ń rò pé à ń dárò nígbà tí a bá ń dúpẹ́.

Ọ̀nà mìíràn tí àárò ń gbà wọ inú orin ni oríkì. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù ní ìhà Ọ̀ṣun ní àwọn ọdún 1970, kọ ìwé kan ní 1991 tó fi hàn bó ṣe jẹ́ pé àwọn obìnrin, ìyàwó ilé pàápàá, ni oríkì orílẹ̀ wà lẹ́nu wọn jù lọ ní ìlú náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìyàwó kì í ṣe ọmọ orílẹ̀ tó ń kì. Ó wá láti ilé mìíràn, ó kọ́ oríkì ilé ọkọ bí ẹni kọ́ iṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn ọmọ ilé lọ. Bó bá bímọ, oríkì yẹn ló fi ń rẹ ọmọ, torí pé ọmọ ilé ni ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ní ilé ìyá pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ó bá ti ki ọmọ délé bàbá, tó ti tẹ́ gbogbo ilé lọ́rùn, ìyá á rọra yà sí oríkì ilé tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́kun, ẹ̀tọ́ ọmọ ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ó rí àyè pe orúkọ bàbá tirẹ̀ sókè nínú ọgbà tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pè é. Kò sọ pé ilé ń wu òun. Ó kàn lọ síbẹ̀ fún ìlà mẹ́rin márùn-ún, ó sì padà.

Àwọn ìyá mìíràn kò tilẹ̀ dúró de orin. Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́, Bánjókòó, Rọ́tìmí: obìnrin tó ti sin ọmọ rí fi ẹ̀bẹ̀ ṣe orúkọ, gbogbo àdúgbò sì ń bá a bẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń pe ọmọ wá jẹun. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé sísọ ẹ̀dùn ọkàn ní gbangba jẹ́ àṣà àwọn olórin òde òní, orúkọ wọ̀nyí ni mo máa ń rántí.

Bí ó bá jẹ́ ìbejì, ọ̀rọ̀ á kúrò ní àgbàlá pátápátá. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe kékeré nínú bíbí ìbejì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011, tó wo 76 nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, rí i pé Bẹ̀nẹ̀ ló ṣíwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú nǹkan bí 28 ìbí ìbejì nínú 1,000. Láwọn apá kan ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, ìwádìí tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ kà tó 45. Àṣà sì wà pé kí ìyá ìbejì gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jó lọ sọ́jà, kó máa kọrin, kí àwọn èèyàn máa fún wọn ní owó àti oúnjẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á ní alágbe ni. Ẹ wo bí orin náà ṣe yọ ọ́ nínú ìtìjú yẹn: ìyá kò tọrọ ohunkóhun fún ara rẹ̀. Àwọn ìbejì ló ní kó jó. Àwọn ló fẹ́ ẹ̀wà, àwọn ló fẹ́ kí ìyá wọn yí ọjà ká, òun kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Nínú orin rírẹ ọmọ, ọmọ ni wọ́n fi ṣe olùgbọ́. Níhìn-ín, ọmọ ti di ẹni tó ń rán ìyá níṣẹ́. Méjèèjì ló jẹ́ kí obìnrin tó nílò ìrànlọ́wọ́ lè sọ ọ́ láìjẹ́ pé ó sọ ọ́.

Ọ̀nà tí ìyá ìbejì ń gbà ṣe orin rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àgbàlá. Ọjà ní ariwo, nítorí náà ìlà rẹ̀ ní láti ga, kó sì rọrùn débi pé àwọn ìyá aláta máa mọ ègbè rẹ̀ kó tó dé ìsọ̀ kejì. Tí ẹnì kan bá ti na owó, akọrin ní láti fi orúkọ onítọ̀hún tàbí ọjà tó ń tà sínú orin lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń ta gàrí gbọ́ gàrí, ẹni tó ń ta aṣọ gbọ́ aṣọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ méjì ń fa ọmú rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, síbẹ̀ ó ń ronú yára ju ẹni tó jókòó ti kálámù àti ìwé lọ. Ní tèmi o, kò sí ilé ẹ̀kọ́ orin tó le tó ọjà yẹn.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ọ̀sán. Lóru, ní Sakété, ní Kétu àti káàkiri ilẹ̀ Nàgó, orin yí padà, àwọn ọkùnrin ló wá ń kọ ọ́ sí àwọn ìyá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ọdún tí wọ́n ń gbé ère jó láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí, ni mò ń sọ. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ àrà ọmọ aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ní 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Wọ́n máa ń ṣe é lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n tún máa ń ṣe é nígbà tí òjò bá wọ́n tàbí tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé. Ẹ̀fẹ̀, apá rẹ̀ tó jẹ́ ti orin àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀, ló ń ṣíwájú ní òru. Akọrin ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà: á júbà òrìṣà, á júbà àgbà, á júbà àwọn ìyá wa, àwọn tó ni agbára tí a kì í fi ṣeré. Ìgbà tí ìbà bá tó ló tó lè wá la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ìlú, kó bú ẹni tó yẹ ní bíbú, kó fi ẹni tó yẹ ṣẹ̀fẹ̀.

Ọkùnrin ló ń gbé gbogbo ère náà, títí kan èyí tó jẹ́ abo. Wọ́n á gbẹ́ ọmú, wọ́n á di bàdí rẹpẹtẹ, nígbà mìíràn wọ́n á pọn ọmọ. Ohun tó jọ mí lójú jù nínú aṣọ wọn ni pé gèlè àti ọ̀já obìnrin wà lára ohun tí wọ́n fi ń di eléré, tí wọ́n sì ń lọ yá a lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọ̀já! Ọ̀já kan náà tí ìyàwó ilé fi gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn lọ́sàn-án, tó ń fi ọgbọ́n bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀, òun náà ni ọkùnrin alágbára dì mọ́ra lóru kó tó lè dúró níwájú àwọn ìyá. Ìyálásẹ̀, tí í ṣe olórí ẹgbẹ́, obìnrin ni.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń tẹnu mọ́ agbára obìnrin, àwọn tó ń kọ̀wé nípa abiyamọ sì ń tẹnu mọ́ àìlera rẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn méjì ni wọ́n. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú orin wa, ẹni tó júbà kò sọ pé òun kò ní nǹkan lọ́wọ́. Ó ń la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ni. Ìyá tuntun tó ń rẹ ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀, akọrin ẹ̀fẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ohun tó le. Ohun tí ọ̀pọ̀ orin ìgbàlódé nípa ọkàn ẹlẹgẹ́ kò ní ni apá kejì yẹn: wọ́n rẹ ara wọn sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọn kò rí nǹkan kan sọ.

Èyí tó rí nǹkan sọ ni "Duduke". Olórin Simi, Simisola Kosoko, gbé orin náà jáde ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 2020, ọjọ́ ìbí rẹ̀. Inú orin náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ pé ó ti lóyún. Ó bí ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Kòrónà ti ti Èkó pa láti òpin oṣù kẹta. Ibodè ilẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ti wà ní títì fún ọjà láti oṣù kẹjọ 2019, kò sì ní ṣí títí di oṣù kejìlá 2020. Ìyá tó fẹ́ wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ kò lè tètè kọjá. Orin kì í san owó ibodè ní tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín orin yẹn àti orin àgbàlá: ọmọ kò tíì dé rárá. Ìyá ń kọrin sí ẹni tí kò tíì rí ojú rẹ̀. Kí ni èèyàn lè sọ fún ẹni tí kò tíì rí? Kò lè ki oríkì rẹ̀, kò tíì lórúkọ. Kò lè ní kó má sunkún. Simi wá lọ sídìí ohun kan tí òun àti ọmọ jọ ní, ìyẹn ọkàn tó ń lù, ó sì fi ìró rẹ̀ sọ orin náà lórúkọ. Ohun tí Yorùbá ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́ nìyẹn, kí ìró jẹ́ ọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ìlù. Bí ẹsẹ̀ méjì ìyá tó pọn ọmọ ṣe jẹ́ ìlù orin rírẹ ọmọ, ọkàn ló jẹ́ ìlù fún oyún. Obìnrin yìí sì mọ iṣẹ́ ohùn dé ìdí: òun ló po àwo "Gold" tí olórin Adekunle Gold gbé jáde ní 2016, òun ló sì parí ohùn rẹ̀, kí àwọn méjèèjì tó ṣègbéyàwó ní 2019. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sún mọ́ etí débi pé ẹni tó ń gbọ́ á rò pé òun nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

Ẹ fi orin náà wé "Ṣeun Rere" tí Christy Essien-Igbokwe kọ ní 1981. Ọmọ Akwa Ibom ni, ó sì fi Yorùbá bá ọmọ sọ̀rọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé èdè ìyá rẹ̀ kọ́. Ìyá tó wà nínú orin yẹn dúró gbọn-in. Ó mọ ayé, ó ń kọ́ ọmọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti mọ ohun gbogbo ni, kì í ṣe ìyá tuntun. Láàárín orin méjèèjì, nǹkan bí ogójì ọdún, àyè ti ṣí fún ìyá láti dúró níwájú ọmọ láìtíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ta ló wá wà lẹ́yìn "Duduke", ẹni tí wọ́n ń bá wí? Mo rò pé Simi fúnra rẹ̀ ni. Ìyá tó fẹ́ dà kò tíì dé, bí ọmọ náà kò ṣe tíì dé, àwọn méjèèjì ló sì ń pè.

Fóònù ti gbé irú ìpè bẹ́ẹ̀ dé Sakété pẹ̀lú. Ọmọbìnrin tó bímọ sí ilé ọkọ á tẹ WhatsApp, á gba orin tó fi ń rẹ ọmọ sílẹ̀, igbe ọmọ àti igbe àkùkọ á wọ inú rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní òdìkejì ibodè. Ẹni tó wà lẹ́yìn orin ti wá di ẹni tó ń gbọ́ ọ ní tààrà. Ó dára, àmọ́ nǹkan kan bọ́ sọnù. Tí ìyá ọkọ kò bá gbọ́ orin náà mọ́ nítorí pé inú yàrá ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ta ló máa na ọwọ́ gba ọmọ ní ìrọ̀lẹ́? Ìyá tó wà ní Èkó lè sunkún. Kò lè bá a gbé ọmọ.

Jíjìnnà sílé yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ olórin Angélique Kidjo, ẹni tí mo rò pé ó ti lò ó nínú orin jù lọ láàárín àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ouidah ni wọ́n bí i sí ní 1960, bàbá rẹ̀ jẹ́ Fọ̀n, ìyá rẹ̀ Yvonne jẹ́ Yorùbá, ó sì ní ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Angélique nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn kọrin níbẹ̀. Ní 1983, lábẹ́ ìjọba Mathieu Kérékou, ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, tó fẹ́ kí àwọn olórin máa kọrin fún ìyípadà òṣèlú rẹ̀, ó sá kúrò ní ìlú lọ sí Paris. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1993, ó bí Naïma.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìbímọ ló yẹ kí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ orin wò dáadáa. Àárò máa ń tan akọrin jẹ. Ó máa ń jẹ́ kó fi ìrántí ṣe orin, ìrántí sì ń dùn ju bí nǹkan ṣe rí lọ. Kidjo kò gbára lé ìrántí. Ní 1995, òun àti ọkọ rẹ̀, Jean Hebrail tí í ṣe olórin, rin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ káàkiri, wọ́n ń gba ìlù àti orin ìbílẹ̀ sílẹ̀, orí ohun tí wọ́n gbà yẹn ni wọ́n sì kọ́ àwo "Fifa" lé ní 1996. Orin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Naïma", fún ọmọ náà, Carlos Santana sì ta gìtá sí i. (Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni gìtá Santana kan náà tún wà nínú "To Zion" tí Lauryn Hill kọ fún àkọ́bí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń ta gìtá tí ọmọ kò fi ní jí.) Orin ọmọ tó wà láàárín ìlù tí wọ́n lọ wá kiri nílé: ta ni wọ́n ń kọ ọ́ sí? Ọmọ kékeré ni Naïma nígbà náà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ni ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kúrò, tí ọmọ náà kò dàgbà sí. Kidjo ń fi ọmọ han ilé, ó sì ń fi ilé han ọmọ. Ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe ní Sakété nígbà tó bá rọra yà sí oríkì bàbá tirẹ̀ nìyẹn, àfi pé ti Kidjo gba ọkọ̀ òfuurufú.

Ní 2014, ó gbé àwo mìíràn jáde tó pè ní "Eve", tó fi orúkọ rẹ̀ bọlá fún ìyá rẹ̀. Ó tún padà lọ gba ohùn sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ohùn ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Kenya. Aṣa, olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bá a kọ ọ̀kan nínú àwọn orin náà. Àwo náà gba Grammy ní 2015. Ṣùgbọ́n orin tí mo máa ń tún gbọ́ ni "Bana", nítorí pé Yvonne fúnra rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Angélique ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, ìyá tó fi sílẹ̀ ní Kútọnu ní 1983 sì wà nínú àwo pẹ̀lú rẹ̀, ó ń dá a lóhùn. Kò sídìí láti tún wá ọmọ kan kọjú sí.